Ìtọ́jú Ohun Èlò Tí Ó Ń Wọ Ọ̀nà Ọ̀fun

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Alájẹkì ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí, ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu bí ó bá rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà dé ilé ìwòsàn, tí a gbé e ka iwájú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kun aláìsàn lóorun kí oníṣẹ́ abẹ tó fi ọwọ́ kàn án, a ó rí i pé ó ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ohun èlò tí a kì bọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn ni ó ń pa ẹ̀mí rẹ̀ mọ́. Bí ohun èlò náà kò bá sì mọ́, òun kan náà ni ó lè gbé àrùn wọ inú rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá gba Ọjà Igbó kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán gangan yóò rí bí àwọn olóúnjẹ ti ń ṣe. Bí oníbàárà kan bá jẹ àmàlà tán tí ó sì dìde, wọn a kó àwo rẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì fi bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Olóúnjẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi omi kan ṣoṣo fọ àwo láti àárọ̀ di alẹ́. Omi ọṣẹ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, omi tí ó fi ń ṣan àwo wà lọ́tọ̀, a sì máa da èyí tí ó bá ti dọ̀tí nù. Ọ̀lẹ olóúnjẹ a kàn máa ri àwo bọ inú omi tí ó ti ṣú, a fi àkísà nù ún, àwo a sì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun kan lára rẹ̀. Oníbàárà tí ojú rẹ̀ là a wo omi náà, a sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Aláìsàn tí ó sùn sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti dì. Kò lè bèèrè ẹni tí a lo irin náà fún ṣáájú òun, kò sì lè sọ pé òun kò fẹ́. Nítorí náà, àwọn tí ojú wọn là ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi rán wá, dé ìlú náà. Ilé ìwòsàn tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dàgbà títí òkìkí rẹ̀ fi kàn jìnnà. Ní ọdún 2009 ni ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen. Ìlú yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wà. Bí àwọn ará ìlú àti àwọn ará oko ti ń wá sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò kan náà ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn. Ohun tí a ń ṣe sí ohun èlò náà láàárín ẹnu méjì yìí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí.

Kí ayé tó mọ oògùn akunnilóorun, ìrora ńlá ni iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọkùnrin alágbára ni í di aláìsàn mú nígbà tí abẹ bá ń gé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1846, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, William Morton fi oògùn kan tí ń jẹ́ ether, èyí tí a ń fà símú, kun ọkùnrin kan lóorun níwájú àwọn oníṣègùn, a sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní ọrùn. Láti ọjọ́ náà ni oògùn akunnilóorun ti tàn ká gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n oorun yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń sùn lórí ẹní nílé. Ẹni tí ó sùn nílé, bí itọ́ bá ṣì gba ọ̀nà èémí, yóò wúkọ́. Bí ìrọ̀rí bá bò ó nímú, yóò yí ara padà. Ẹni tí a kun lóorun kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ahọ́n rẹ̀ a rọ, a sì ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà mìíràn, oògùn a mú kí àwọn iṣan àyà rẹ̀ dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè mí fún ara rẹ̀. Akunnilóorun ni ó gbọ́dọ̀ la ọ̀nà èémí náà, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí aláìsàn yóò fi jí.

Ohun èlò mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ìbòmú, tí a fi ń bo imú àti ẹnu kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Èkejì ni irin ìwo-ọ̀fun, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní laryngoscope. Ó ní èèkù tí bátìrì wà nínú rẹ̀ bí ti tọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ahọ́n irin tí gílóòbù kékeré wà lára rẹ̀. Ahọ́n irin yìí ni a fi ń gbé ahọ́n aláìsàn sókè kí a lè fojú rí gògóńgò. Robert Macintosh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó tẹ̀ díẹ̀ bí igi ọrun, ní ọdún 1943, a sì ń lò ó káàkiri ayé di òní. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà èémí, tí a ń tì gba inú gògóńgò kọjá sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kẹrin ni ìbò ọ̀fun, tí Dókítà Archie Brain, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí dán wò ní ọdún 1981, tí ó sì dé ọjà ní ọdún 1988. Ó dà bí ìbòmú kékeré tí a so mọ́ orí rọ́bà. A ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí rẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa sí ẹnu gògóńgò.

Ibi tí itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà ni gbogbo ohun èlò wọ̀nyí ń dé. Bí ahọ́n irin bá fara gbo èrìgì tàbí ètè, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nínú itọ́, nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀ ni onírúurú kòkòrò àrùn ń gbé: ti ikọ́ ife, ti òtútù àyà, ti àrùn mẹ́dọ̀wú, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Bí a bá mú irin kan náà wọ ẹnu ẹlòmíràn láìtọ́jú rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí a fi ṣíbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu aláìsàn jáde bọ́ ọmọ ẹlòmíràn, àfi pé èyí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́dàá ti fi olùṣọ́ sí ọ̀nà èémí: irun inú imú ń gba eruku dúró, ikọ́ sì ń ti ohun tí kò yẹ jáde. Ṣùgbọ́n rọ́bà èémí a kọjá lára àwọn olùṣọ́ wọ̀nyí, a sì dé ojú ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró tààrà. Ohun tí ó bá wà lára rẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá rò pé itọ́ aláìsàn kò tó ohun tí a ń bẹ̀rù, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní apá àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1969. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn akunnilóorun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ṣe àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, ti fi aṣọ fẹ́lẹ́ nu inú ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ kékeré kan wà ní ìka rẹ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi kọlu òun pẹ̀lú, ó sì kú ní oṣù Kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tí ó tọ́jú àwọn méjèèjì, kó o lára wọn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, orí sì kó o yọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn náà, wọ́n sì sọ àrùn náà ní ibà Lassa. Aṣọ fẹ́lẹ́, itọ́ díẹ̀, ọgbẹ́ tí kò tó nǹkan: ohun tí ó tó láti pa ènìyàn nìyẹn.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìka ènìyàn kì í ṣe irin, àti pé irin tí ó bá ń dán kò lè gbé àrùn. Ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1995, àwọn oníṣègùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn nípa irin ìwo-ọ̀fun tí ó di orísun kòkòrò kan tí ń jẹ́ Pseudomonas láàárín àwọn ọmọ tuntun tí a ń tọ́jú. Ní ọdún 1997, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí kó ahọ́n irin 65 àti èèkù 65 jọ, gbogbo wọn ni a sì ti fi sí ààyè ohun tí ó mọ́ tí a lè lò fún aláìsàn. Wọ́n fi ojú wò wọ́n, wọn kò rí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi oògùn tí ń tú àṣírí ẹ̀jẹ̀ dán wọn wò, ẹ̀jẹ̀ wà lára ahọ́n irin 13 àti lára èèkù 26. Èyí fi hàn gbangba pé dídán kì í ṣe mímọ́, àti pé ojú lásán kò tó ṣe adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó lè ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé ẹ̀jẹ̀ wà lára èèkù ju bí ó ti wà lára ahọ́n irin lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé èèkù kì í wọ ẹnu rárá. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu aláìsàn jáde ni ó ń di èèkù mú. Èkejì, bí a bá ká ahọ́n irin náà padà bí ọ̀bẹ àkápò, orí rẹ̀ tí ó ti wọ ọ̀fun a máa kan èèkù. Ẹ̀kẹta, a gbẹ́ ilà wẹ́wẹ́ yí èèkù ká kí ó má baà yọ́ lọ́wọ́, ìdọ̀tí sì ń sá pamọ́ sínú àwọn ilà náà. Ẹ̀kẹrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn a fọ ahọ́n irin, wọn a sì gbàgbé èèkù. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Ibi tí a kò fura sí ni àrùn ń fi ṣe ilé.

Earle Spaulding, onímọ̀ kòkòrò àrùn kan ní Amẹ́ríkà, ni ó pín ohun èlò ìwòsàn sí ọ̀nà mẹ́ta, kí a lè mọ bí ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ti jinlẹ̀ tó. Àwọn tí ń wọ inú ẹran ara tàbí inú ẹ̀jẹ̀, bí abẹ àti abẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ ní kòkòrò kankan lára, kì báà ṣe èyí tí ó jí, kì báà ṣe èyí tí ó sùn. Àwọn tí ń kan awọ tútù inú ẹnu, imú tàbí ọ̀fun, irú èyí tí irin ìwo-ọ̀fun àti ìbò ọ̀fun wà, a gbọ́dọ̀ pa kòkòrò ara wọn ní àpatán tó bí agbára bá ti lè ṣe é. Àwọn tí ó jẹ́ pé awọ ara òde nìkan ni wọ́n ń kàn, bí okùn tí a fi ń wọn ìfúnpá ní apá, fífọ̀ àti nínù wọn dáadáa tó. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń ṣe sí ohun èlò ọ̀nà kejì bí ẹni pé ọ̀nà kẹta ni ó wà: a ó fi òwú tí a rì sínú sípíríìtì nù ún gbẹrẹfu, a ó sì pè é ní mímọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè pé, kí ló dé tí a kò fi máa da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́yìn lílò ẹ̀ẹ̀kan? Àwọn kan wà tí a ṣe fún bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ara àpò wọn yóò rí nọ́ńbà 2 nínú òbìrí kan tí a fa ilà dábùú rẹ̀; ìtumọ̀ àmì náà ni pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó ní ẹ̀ẹ̀kejì. Rọ́bà èémí tí ó bá ní àmì yìí kò lè fara da ooru ńlá. Bí a bá fi agídí sè é, a lè yí padà, a lè sán, tàbí kí ó pa mọ́ra nínú ọ̀fun aláìsàn. Dídà á nù ni ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi irin gidi ṣe wọ́n, òkè òkun ni a sì ti ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wá. Ilé ìwòsàn tí kò ní owó púpọ̀ kò lè da irin sí ààtàn lójoojúmọ́, kò sì sí ìtìjú nínú lílo ohun kan léraléra. Ìtìjú wà nínú lílò ó láìtọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú náà ní àtẹ̀lé, a kò sì gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an. Ní kété tí a bá yọ irin kúrò lẹ́nu aláìsàn, a kò gbọ́dọ̀ gbé e padà sórí àwo tí ohun mímọ́ wà. Àwo méjì ni ó yẹ kí ó wà, ọ̀kan fún èyí tí a kò tíì lò, ọ̀kan fún èyí tí a ti lò, kí àwọn méjèèjì má sì ṣe pàdé. A ó nu èyí tí ó pọ̀ nínú ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, a ó mú kí ó tutù kí ohun tí ó kù má baà gbẹ, a ó sì gbé e nínú ohun tí ó ní ìdérí lọ sí ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́.

Fífọ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Oògùn tàbí ooru kò lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ìdọ̀tí bò, nítorí pé kòkòrò a sá sí abẹ́ ìdọ̀tí náà bí eku ti ń sá sí abẹ́ koríko. A kò sì gbọ́dọ̀ fi omi híhó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fọ ìkòkò tí ẹyin gbẹ mọ́ lára mọ̀ pé iná ni ó so ẹyin mọ́ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń rí. Bí omi híhó bá kàn wọ́n, wọn a dì mọ́ irin. Omi tí kò gbóná jù àti ọṣẹ ni a ó fi fọ̀ ọ́. A ó tú ahọ́n irin kúrò lára èèkù, a ó yọ bátìrì, a ó sì yọ gílóòbù bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń yọ. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo kọ́lọ́fín kọ̀ọ̀kan lábẹ́ omi, kí omi ìdọ̀tí má baà ta sí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ lójú. Ẹni náà yóò wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, yóò fi awò bo ojú, yóò sì so aṣọ rọ́bà mọ́ àyà, nítorí pé ẹ̀mí tirẹ̀ náà níye lórí.

Inú rọ́bà ìbò ọ̀fun ni ó nílò sùúrù jù. Àwọn ẹlẹ́mu mọ̀ pé bí a bá rọ ẹmu òní sínú akèǹgbè àná tí a kò fọ inú rẹ̀, ẹmu náà yóò kan, bí ara akèǹgbè tilẹ̀ ń dán. Bí ọwọ́ àgbàlagbà kò ti wọ akèǹgbè, bẹ́ẹ̀ ni ìka kò wọ inú rọ́bà yìí; búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí ó bá ihò rẹ̀ mu ni a fi í fọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn èyí, a ó fi omi tí ó mọ́ ṣan gbogbo rẹ̀, a ó sì yẹ̀ wọ́n wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tí ìdọ̀tí bá kù lára rẹ̀ yóò padà sínú omi ọṣẹ.

Ìgbà yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pípa kòkòrò. Ooru omi ni ó dára jù fún ohun tí ó bá lè fara dà á. Ṣùgbọ́n omi híhó nínú ìkòkò ìdáná lásán kò tó, nítorí pé ooru rẹ̀ kì í kọjá 100°C, àwọn kòkòrò kan sì wà tí ń fi èèpo líle bo ara wọn, tí wọn kì í kú níbẹ̀. Ní ọdún 1879, Charles Chamberland, tí ó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ìkòkò irin kan tí ìdérí rẹ̀ dè pinpin, èyí tí a ń pè ní autoclave. Nítorí pé ooru omi kò rí ọ̀nà jáde, a fún ara rẹ̀ pọ̀, gbígbóná rẹ̀ a sì lọ sókè ju ti omi híhó lọ. Bí ó bá dé 121°C, a ó fi ohun èlò sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ jáde tí ó sì ń dé 134°C, ìṣẹ́jú 3 tó. A kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù há inú rẹ̀, nítorí pé ibi tí ooru omi kò bá kàn, kòkòrò ibẹ̀ kò kú.

Ìbò ọ̀fun ní òfin tirẹ̀. A gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ etí rẹ̀ tán pátápátá kí ó tó wọ inú ooru, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó bá kù níbẹ̀ yóò wú, yóò sì ba á jẹ́. Ẹni tí ó ṣe irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde sọ pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó ju ìgbà 40 lọ. Nítorí náà, ìwé pélébé kan gbọ́dọ̀ máa bá a rìn, níbi tí a ti ń ka iye ìgbà náà. Ilé ìwòsàn tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ogójì ti pé tàbí ó ti kọjá.

Ohun tí kò bá lè fara da ooru ni a ń rì sínú omi oògùn apakòkòrò, irú bí glutaraldehyde. Iye ìṣẹ́jú tí ẹni tí ó ṣe oògùn náà kọ sí ara ìgò ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, a kò gbọ́dọ̀ dín in kù nítorí ìkánjú. Lẹ́yìn náà, a ó fi omi tí ó mọ́ gan-an ṣan ohun èlò náà dáadáa, nítorí pé oògùn tí ó pa kòkòrò lè bó ọ̀fun aláìsàn bákan náà. Ohun gbogbo tí a bá ti tọ́jú tán, a ó gbẹ ẹ́, a ó dì í, a ó kọ ọjọ́ sí i lára, a ó sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí eruku kò dé. Kò sí èrè nínú kí a se irin tán, kí a wá fi ọwọ́ tí a kò fọ̀ mú un.

Ìṣòro kò ṣàìsí. Iná ìjọba lè lọ, omi ẹ̀rọ lè má yọ, ahọ́n irin lè má ju mẹ́ta lọ nígbà tí aláìsàn mẹ́jọ ń dúró. Ṣùgbọ́n ìṣòro kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí a lè gbà á. Irú autoclave kékeré wà tí a lè gbé ka orí gáàsì tàbí sítóòfù, bí a ti ń gbé ìkòkò kaná. A lè pọn omi sínú àgbá mímọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A lè ka iye ahọ́n irin ní àárọ̀, kí a sì to ètò iṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà bá iye wọn mu. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí a sọ pé nítorí pé àyè kò sí, kí a fi òwú nu irin kan náà láti ẹnu ẹni kìíní dé ẹnu ẹni kẹjọ. Ẹni kẹjọ náà kò mọ̀ pé àyè kò sí. Ó fi ara rẹ̀ lé àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́, ó sì dijú.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, oníṣẹ́ abẹ ni aláìsàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, bóyá akunnilóorun náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó dúró ti omi ọṣẹ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kì í gbọ́ ọpẹ́, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì mọ̀ pé ó wà. Síbẹ̀, bí òun bá ṣe ọ̀lẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ọgbọ́n gbogbo àwọn tí ó kù lè di asán. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lépa iṣẹ́ ìṣègùn, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì, ì báà ṣe ẹni tí ń fọ ohun èlò, kí ó fi í sọ́kàn pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí ni a fi ń mọ olóòótọ́ òṣìṣẹ́, àti pé ẹni tí ó sùn kò ní olùṣọ́ mìíràn ju ẹni tí ó jí lọ.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oníbàárà olóúnjẹ ní Ọjà Igbó àti aláìsàn tí a kun lóorun?
2. Dárúkọ ohun èlò mẹ́rin tí akunnilóorun ń lò, kí o sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
3. Kí ni ìwádìí ọdún 1997 fi hàn? Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi wà lára èèkù ju ahọ́n irin lọ?
4. Ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi omi híhó bẹ̀rẹ̀ sí fọ irin tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.
5. Kí ló dé tí ooru inú autoclave fi ju ti omi híhó inú ìkòkò lásán lọ?
6. Kọ àròkọ kúkúrú lórí òwe yìí: "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́."